Ceramic ni, wax ni, àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ara ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ gbà mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun, dúdú ni, ó ń dán gbinrin. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n san owó díẹ̀ sí i kí wọ́n fi ceramic, omi kan tó ń gbẹ tó sì ń le lórí ọ̀dà, pa á lára, pé fún ọdún márùn-ún mi ò ní ronú kan ọ̀dà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n fẹ́ gbowó mi lásán ni, pé wax, ìda ìpara ọkọ̀, ti tó. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n má fi nǹkan kan kàn án rárá, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti parí gbogbo ẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn tó ṣe tààrà ni mo fẹ́.

* * *

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ apá kan òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bi yín ní ohun tó yẹ kó bi yín: ta ní ń fọ ọkọ̀ yẹn, kí ló sì fi ń fọ̀ ọ́?

Iṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ ni mo ń ṣe. Àwọn mìíràn náà ti kọ èsì àti ìbéèrè tiwọn sábẹ́ ìbéèrè yìí; mo máa fèsì sí àwọn náà bí mo ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí kò tíì pẹ́ wá pé ọ̀dà rẹ̀ ti kú, wọ́n á ní oòrùn ni. Oòrùn ń ṣe tiẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àkísà tó bọ́ sílẹ̀, tí ẹni tó ń fọkọ̀ ṣà, tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún fi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ṣe é.

Kí owó ceramic tó jáde lápò yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń dáàbò bò. Nílé iṣẹ́, wọ́n á ri gbogbo irin ara ọkọ̀ sínú ọ̀dà kan tí iná mànàmáná ń mú lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí kó má baà dógùn-ún. Prímà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀dà aláwọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kílíà. Kílíà ni ọ̀dà tí kò láwọ̀, tó ń dán. Òun gan-an ni ọwọ́ yín ń bà bí ẹ bá fọwọ́ kan ọkọ̀. Gbogbo wọn lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 máíkírọ̀n. 1,000 máíkírọ̀n ló wà nínú mìlímítà kan, abala ìwé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo sì ti tó 100. Kílíà nìkan, 35 sí 50 ni. Irun orí èèyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Inú kílíà yìí ni wọ́n po èròjà tó ń gba ìtànṣán oòrùn dúró sí, kí àwọ̀ tó wà lábẹ́ má baà ṣá. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń gé kílíà yín, ọjọ́ ayé ọ̀dà yẹn ló ń gé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí ẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tó kù dúró lé.

* * *

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó ní ilé iṣẹ́ ti parí ẹ̀: òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń ta nǹkan ìpara ọkọ̀ ni kò fẹ́ ká máa sọ ọ́ sókè. Nílé iṣẹ́, wọ́n ń yan ọ̀dà nínú ààrò tó gbóná tó bíi 140 °C. Kí ọkọ̀ tó jáde ni ọ̀dà náà ti gbẹ dénú. Ọkọ̀ tó ń sùn lábẹ́ òrùlé, tí ẹni tó ni ín sì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, lè wà fún ọdún mẹ́wàá láì rí wax rí, kó sì máa dán. Mo ti rí irú ẹ̀.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kílíà ò lè dá kojú gbogbo ohun tó ń já lé e lórí. Ìgbẹ́ ẹyẹ, oje igi, kòkòrò tó fọ́ mọ́ bọ́ńpà, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, eruku irin láti ara bíréèkì, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá wà lórí kílíà, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀yin á sì ráyè nu wọ́n kúrò. Olórí ìwúlò wax tàbí ceramic nìyẹn. Ìrọ̀rùn láti fọ̀ ni èrè kejì.

* * *

Fífọ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni ìjà pọ̀ sí jù.

Iyanrìn ló ń họ ọ̀dà. Ó le ju kílíà lọ fíìfíì. Bí ẹ bá wọ́n omi díẹ̀ sára ọkọ̀ eléruku, tí ẹ sì gbé fóòmù lé e, sáńpépà lẹ gbé lé e yẹn. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po, tó máa ń hàn lára ọkọ̀ dúdú bí iná bá tàn sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Wọ́n wà lára ọkọ̀ funfun náà, ojú ni kò rí wọn.

Bí èmi ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí. Mo máa ń wá ibòòji, mo sì máa ń dúró kí ara ọkọ̀ tutù, torí ọṣẹ tó bá gbẹ mọ́ irin gbígbóná máa ń fi àpá sílẹ̀. Kí ọwọ́ tó kan ọkọ̀ rárá, mo á fi omi ṣan án láti òrùlé wá sílẹ̀, ṣíṣan gidi, títí omi tó ń já bọ́ fi mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára lẹ ní, ẹ fà á sẹ́yìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, ẹ má sì dojú ẹ̀ kọ ibi tí ọ̀dà ti là tàbí ti bó. Ó máa ń ká a kúrò lára ọkọ̀ ni. Garawa méjì ló kàn, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán. Ẹ ti ìbọ̀wọ́ microfibre (aṣọ rírọ̀ onífọ́nrán wẹ́wẹ́) bọ ọṣẹ, ẹ fọ ibì kan, ẹ wá ṣan ìbọ̀wọ́ náà nínú omi lásán kó tó padà sínú ọṣẹ. Bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ garawa kejì; ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni ì bá ti máa yí po lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ẹ̀yìn ló dọ̀tí jù, àwọn ni kó gbẹ̀yìn. Rímù ní aṣọ tiẹ̀ àti garawa tiẹ̀. Aṣọ tó bá ti kan rímù kò gbọdọ̀ kan ara ọkọ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ fúnra rẹ̀. Calcium àti magnesium tó wà nínú omi máa ń ṣẹ́kù síbẹ̀ bí omi bá fà, òun ló ń di àmì funfun róbótó, oòrùn á sì yan án mọ́ kílíà. Bí àmì náà bá ṣì jẹ́ tuntun, fíníga funfun tí ẹ bù omi lù ní ìdọ́gba á mú un kúrò. Ẹ tètè ṣan án. Bó bá ti pẹ́ jù, pólíìṣì, ìpara tó ń ha ojú kílíà díẹ̀, nìkan ló lè gé e. Táwẹ́ẹ̀lì microfibre ńlá tó nípọn ni kẹ́ ẹ fi gbẹ ẹ́: ẹ tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀, ẹ rọra fà á.

* * *

"Garawa méjì? Ta ló ráyè ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́?"

Kò sí ìjà. Bó bá jẹ́ garawa kan lẹ ní, ẹ wá aṣọ microfibre bíi mẹ́jọ sínú omi ọṣẹ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fọ òrùlé, ẹ jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ mú òmíràn fún bọ́nẹ́ẹ̀tì. Aṣọ tó bá ti ṣiṣẹ́ tán kò gbọdọ̀ padà sínú garawa. Omi díẹ̀ ni yóò gbà, kò sì ní họ ọkọ̀. Bí ìyẹn náà bá le, ẹ fi omi ṣan ọkọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ọkọ̀ tó dọ̀tí fún ọjọ́ mélòó kan kò ní kú. Èyí tí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu eruku rẹ̀ láràárọ̀ ló ń kú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní ìgbálẹ̀ ìyẹ́ kékeré kan nínú búùtù tẹ́ ẹ fi ń gbọn eruku. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn.

* * *

Ẹnì kan ní ọṣẹ ìfọ-abọ́ lòun fi ń fọ tòun láti ìgbà pípẹ́, ó ṣì ń dán. Àwọn kan ti kó èébú bò ó. Èmi ò ní bú u.

Wọ́n máa ń sọ pé ọṣẹ abọ́ ń jẹ ọ̀dà. Kò jẹ ẹ́, ó kéré tán kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n ṣe é fún láti gé, nítorí náà á kó wax tó wà lórí ọkọ̀ lọ. Bí kò bá sí wax lórí ọkọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni yóò kó? Àléébù tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé kì í yọ̀ dáadáa lábẹ́ ọwọ́. Ọṣẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ máa ń mú kí ìbọ̀wọ́ yọ̀ kọjá lórí eruku tó bá ṣẹ́kù, tí kò fi ní fà á lọ fà á bọ̀. Ẹni yẹn lè wo ọkọ̀ rẹ̀ lójú oòrùn ọ̀sán, kó wá sọ fún wa bóyá ó ń dán lóòótọ́.

Èyí tó burú ju ọṣẹ abọ́ lọ ni ẹ̀rọ ìfọkọ̀ oníbúrọ́ọ̀ṣì, tí ọkọ̀ ń wọ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì tó fọ ọkọ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tó wà níwájú yín náà ló ń bọ̀ wá fọ tiyín. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fi omi nìkan ṣiṣẹ́, tí nǹkan kan ò kan ara ọkọ̀, mo fara mọ́ ọn.

* * *

Ó yá, wax àti ceramic.

Wax tí wọ́n ń pè ní carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil ni wọ́n ti ń rí i. Ó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 82 sí 86 °C, ó sì ń dán lọ́nà tí ojú fẹ́ràn, pàápàá lára ọkọ̀ dúdú. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ó ti lọ. Èyí tí wọ́n po pẹ̀lú kẹ́míkà, tí wọ́n ń pè ní sealant, máa ń tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn méjèèjì, ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n nínú ọ̀sán kan: ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, ẹ nù ún. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á nípọn, wọ́n rò pé yóò pẹ́ sí i. Ìnira níbi nínù ni wọ́n máa jèrè.

Ceramic yàtọ̀ pátápátá. Omi olóòórùn ni, silica, èròjà inú iyanrìn, ló pọ̀ nínú ẹ̀, bó bá gbẹ á lẹ̀ mọ́ kílíà débi pé ọṣẹ ò lè kó o lọ. Pólíìṣì nìkan ló lè gé e kúrò. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ọdún kan, méjì, márùn-ún pàápàá, ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omi á máa yí kúrò lára ọkọ̀, ìdọ̀tí ò ní tètè lẹ̀. Mo gbà pé ó dára.

Kí wá ni mo ń bá wọn jà sí? Mo ń bá wọn jà nítorí 9H. Gbogbo olùtajà ló máa ń pariwo rẹ̀: "Ó le tó 9H, kò sí ohun tó lè họ ọ́." Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí 9H ti wá. Pẹ́ńsù ni. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù fa orí ọ̀dà láti mọ bó ṣe le tó, láti orí èyí tó rọ̀ jù dé orí èyí tó le jù, 9H ló sì le jù nínú àwọn pẹ́ńsù náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé pẹ́ńsù 9H kò họ ọ́. Iyanrìn kì í ṣe pẹ́ńsù. Òkúta tó ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù kì í ṣe pẹ́ńsù. Ceramic tí wọ́n pa lára ọkọ̀ kò sì nípọn ju máíkírọ̀n díẹ̀ lọ, ẹ rántí pé kílíà fúnra rẹ̀ tó 35 ó kéré tán. Bí àkísà eléruku bá ń họ kílíà, yóò họ ceramic.

"Ọdún márùn-ún láì ronú kàn án"? Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ní ceramic ṣì ń fẹ́ fífọ̀. Omi tó ní calcium àti magnesium ṣì ń gbẹ mọ́ ọn. Ìgbẹ́ ẹyẹ ṣì ń jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó jẹ ẹ́. Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ: gbogbo ìlà tó bá wà lára ọkọ̀ kí wọ́n tó pa ceramic, abẹ́ ẹ̀ ló máa wà, tí á sì máa hàn. Iṣẹ́ gidi tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni fífọ̀, yíyọ ìdọ̀tí inú ọ̀dà, àti pólíìṣì kí ceramic tó kàn án. Bí ẹni náà bá ní òun á ṣe é láàárín wákàtí kan, ẹ dìde níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín náà kò jàre tán. Wax tó fún ẹni tó máa ń pa á déédéé. Mélòó nínú wa ló ń ṣe é déédéé?

* * *

Ìgbẹ́ ẹyẹ, kíákíá, torí ẹni mẹ́ta ló ti béèrè. Ásíìdì wà nínú ẹ̀, ooru sì ń ràn án lọ́wọ́: kílíà tó gbóná máa ń rọ̀, ìgbẹ́ náà ń gbẹ lórí ẹ̀, bí ọkọ̀ bá tutù kílíà á le mọ́ àpá ìgbẹ́ náà. Ní ọ̀sán gbígbóná, wákàtí díẹ̀ ti tó. Ẹ má fi èékánná ha á, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ fi omi rẹ ìwé ìnuwọ́, ẹ tẹ́ ẹ lé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí yóò fi rọ̀, ẹ wá gbé e kúrò sókè. Kòkòrò tó kú mọ́ bọ́ńpà, bákan náà.

* * *

Àwọn oògùn àdúgbò tí ẹ kọ sókè yẹn ńkọ́?

Kẹrosíìnì àti díísù máa ń mú kí ọkọ̀ dán fún ọjọ́ kan. Epo ló ń dán yẹn. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ ó sì tún nù ún, ìlà á pọ̀ sí i. Ọṣẹ ìfọyín ń mú ìlà kúrò lóòótọ́, torí nǹkan tó ń gé ni wọ́n po sínú ẹ̀. Ẹ kò mọ bó ṣe ń gé tó, ibi tẹ́ ẹ bá fi pa á sì sábà máa ń ṣú. Omi bíréèkì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀. Bó bá kán sára ọ̀dà, ẹ ti da omi lé e kẹ́ ẹ tó ronú, torí ó máa ń ṣí ọ̀dà kúrò dé irin.

* * *

Ọ̀gá kan kọ pé ọdọọdún lòun máa ń gbé ọkọ̀ fún wọn kí wọ́n fi compound ha gbogbo ara ẹ̀, "kó lè padà di tuntun". Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Gbogbo compound àti pólíìṣì, gígé ni wọ́n ń gé. Ìlà kì í kún padà. Kílíà tó yí i ká ni wọ́n ń gé wálẹ̀ kó lè bá a dọ́gba. Pólíìṣì rírọ̀ kò gé ju máíkírọ̀n kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n compound líle pẹ̀lú ẹ̀rọ àti páàdì onírun lè kó mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kílíà yín jẹ́ 40. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti etí ilẹ̀kùn ló fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: ọjọ́ tí kílíà bá tán níbì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, á bó, kò sì sí wax tàbí ceramic tó lè dá a padà. Ká fi sáńpépà ha á, ká tún un kùn ló kù.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó, máíkírọ̀n ló ń kọ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lo compound lára ọkọ̀ yín tí kò ní irú ẹ̀, méfò ló ń ṣe. (Ẹ̀rọ yẹn náà wúlò bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù. Níbi tó bá ti ń kọ 120, 130 káàkiri, tó wá kọ 400 lára ilẹ̀kùn kan, wọ́n ti tún ilẹ̀kùn yẹn kùn. Ẹ wá béèrè ìdí.)

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlà kan ṣeé yọ, ẹ da omi sí i. Bí kò bá hàn mọ́ nígbà tó tutù, inú kílíà ló wà. Ẹ fi èékánná gba orí ẹ̀ kọjá. Bó bá há èékánná, ó ti jìn jù fún pólíìṣì.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tí ẹ̀ ń jà lé lórí yìí, mo ti ń rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀. Dúdú ló ń tètè bàjẹ́, àbí pupa? Dúdú kì í tètè bàjẹ́, ó kàn ń fi ohun gbogbo hàn ni, ó sì máa ń gbóná jù. Pupa ìgbà kan ló ń ṣá kíákíá, nígbà tí kò tíì sí kílíà lórí ẹ̀. Títí di nǹkan bí àwọn ọdún 1980 tí kílíà wá gbòde, ọ̀dà aláwọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kojú oòrùn. Bẹ́ ẹ bá fi pólíìṣì nu irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á wà lára aṣọ yín. Bẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe rí nìyẹn.

Ní ti ẹni tó kọ ọ́ pé Henry Ford, tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford sílẹ̀, ló sọ pé ọkọ̀ dúdú ló dára jù: láti 1914 sí 1925, dúdú nìkan ni wọ́n ń kun Model T, ọkọ̀ Ford ayé ìgbà náà, lóòótọ́. Owó àti bí ọ̀dà dúdú náà ṣe lágbára tó ló fà á, kì í ṣe ẹwà. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà Duco jáde, tó ń gbẹ láàárín wákàtí, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi ti pọ̀. Ó tó.

* * *

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bọ́nẹ́ẹ̀tì mi kùn. Ṣé kí n pa wax sí i kó lè dúró?"

Rárá o, ẹ ní sùúrù. Ọ̀dà àtúnkùn yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́. A ò lè yan odindi ọkọ̀ tó ti ní rọ́bà àti wáyà nínú ní 140 °C. Bíi 60 °C ló mọ. Ó lè gbẹ lójú, síbẹ̀ èròjà tó ń fò lọ ṣì ń jáde láti inú ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dí i pa pẹ̀lú wax tàbí ceramic, ó lè ṣú tàbí kó wú. Ọgbọ̀n ọjọ́ sí àádọ́rùn-ún ni wọ́n sábà ń ní kí èèyàn dúró. Ohun tó wà lára agolo ọ̀dà náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Fífọ̀ pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ rírọ̀ kò pa á lára.

* * *

Ìbora ọkọ̀: mo fara mọ́ ọn nínú ilé, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn níta. Níta, afẹ́fẹ́ á máa fì í, eruku á sì wà láàárín òun àti ọ̀dà. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Tàpólì tún burú jù, torí omi á há sábẹ́ ẹ̀. Bó bá di dandan, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ni kẹ́ ẹ lò, tó bá ara ọkọ̀ mu, kí ọkọ̀ sì ti mọ́ kẹ́ ẹ tó dà á bò ó. Òrùlé lásán dára ju gbogbo ẹ̀ lọ. Abẹ́ igi kì í ṣe òrùlé. Ẹyẹ ń gbé níbẹ̀.

* * *

Ibi tí òkúta ti pa ọ̀dà dé irin kò gbọdọ̀ dúró di oṣù tó ń bọ̀. Irin tó bá ti rí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, ìdógùn-ún náà á sì máa lọ lábẹ́ ọ̀dà níbi tẹ́ ẹ ò ti rí i. Ní etí òkun àti níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ọ̀dà ọkọ̀ yín sábà máa ń wà lára àmì kan ní ẹnu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ra ìgò ọ̀dà kékeré. Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ tò ó díẹ̀díẹ̀ ní ìpele mélòó kan, kó máa gbẹ láàárín. Kò ní lẹ́wà púpọ̀. Kó má dógùn-ún ni à ń wá.

Bẹ́ ẹ bá ń rìn jìnnà ní títì olókùúta, ohun kan ṣoṣo ló ń dá òkúta dúró: PPF, ọ̀rá tí kò láwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ọ̀dà. Polyurethane ni, ó nípọn tó 150 sí 200 máíkírọ̀n, ìyẹn ju gbogbo ọ̀dà ọkọ̀ lápapọ̀ lọ nígbà mìíràn. Ìlà wẹ́wẹ́ tó bá wà lára àwọn tó dára máa ń parẹ́ bí oòrùn bá pa wọ́n. Ó wọ́n gan-an, nítorí náà bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà iwájú àti díńgí ẹ̀gbẹ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń bá òun fọ ọkọ̀, pẹ̀lú fóòmù kan àti garawa kan, ọkọ̀ mélòó kan sì ni ọmọ náà ń fọ̀ kó tó kan tòun. Ó wá béèrè: "Ṣé kí n ṣe ceramic náà ni àbí kí n má ṣe é?"

Ẹ má ṣe é báyìí. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ méjì, táwẹ́ẹ̀lì ńlá kan, garawa méjì àti ọṣẹ ọkọ̀, kó jẹ́ tiyín nìkan, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọmọ náà. Ó máa gbọ́. Àwọn tó ń fọkọ̀ kì í ṣe ọ̀tá wa, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan, ẹ fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti mọ́. Bó bá ń rí gbákugbàku, eruku irin ló há sí i. Omi kan wà tó ń yọ ọ́, tó máa ń di elésèé àlùkò bó bá bá irin pàdé, amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ á sì kó ìyókù. Ẹ wá pa sealant sí i. Bó bá di oṣù mẹ́fà tí ọkọ̀ dúdú yẹn ò ní ìlà kankan lójú oòrùn, ẹ lè lọ ṣe ceramic, yóò sì yẹ yín. Bí ìlà bá ti wà, ceramic kọ́ ni ìṣòro yín.

* * *

Èyí tó kẹ́yìn, fún ẹni tó ní ọkọ̀ òun kì í dán, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́: ẹ má lo nǹkan kan nínú pólíìṣì, compound tàbí wax tí mo kọ sókè. Ọ̀dà matte nìyẹn. Wọ́n dìídì ṣe ojú kílíà rẹ̀ ní gbákugbàku kó má baà dán. Bẹ́ ẹ bá fi pólíìṣì pa á, ibẹ̀ á dán, kò sì ní padà mọ́. Ìlà tó bá wọ̀ ọ́ kò ṣeé yọ, odindi abala yẹn ni wọ́n máa tún kùn. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún matte ni kẹ́ ẹ lò, bó bá sì jẹ́ ceramic, ẹ wo ara ìgò bóyá wọ́n kọ matte sí i kẹ́ ẹ tó rà á.